Ohùn Màmá Bernadette Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Yín

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ Olútìmẹ́hìn,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Aládé-Ìdànrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìkàwé Ẹsẹ̀-Òkè,
Ìdànrè,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN ÀTI Ẹ̀BẸ̀: KÍ Ẹ YỌ OHÙN OLÓÒGBÉ BERNADETTE FẸ́YÌSETÁN NÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ Ọ́FÍÌSÌ YÍN, KÍ Ẹ SÌ FI LÉ ỌMỌ RẸ̀ LỌ́WỌ́ KÍ OṢÙ YÌÍ TÓ PARÍ

1. Èmi tí mo kọ lẹ́tà yìí ni Hannah Olútìmẹ́hìn, aránṣọ ní Aládé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí, ẹ sì ti lè rí mi lójú ọ̀nà rí nínú aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya, nítorí ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà sétí àgbà. Eléyìí tó wà lọ́wọ́ yín ni mo ti bu omi tútù sí. Bí ó bá ṣì gbóná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. Inú ń bí mi gidigidi, mi ò sì ní purọ́ pé kò bí mi.

2. Kí n tó máa rojọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá gbà. Nínú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, ohùn àgbàsílẹ̀ mọ́kànlélógójì wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Olóògbé Màmá Bernadette Fẹ́yìsetán. Màmá kú ní ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá. Kò sí ibòmíràn tí ohùn yẹn kù sí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Fẹ́yìsayọ̀, ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ìrántí ọdún kan ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Akọ̀wé yín ní òun kò ní í fún un. Bí ohùn náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé orí obìnrin yìí ti dàrú.

3. Ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, tí kò sí ẹni tó ń ránṣọ ìnáwó mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn lórí fóònù mi. Mo ṣí ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sọ ọ́ ní “Ìyàwó Ẹni Àádọ́rin Ọdún”. Ìtàn opó kan ní Ìdànrè ni, ẹni àádọ́rin ọdún, tó gbà láti fẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kòkó wíwọ̀n. Àwọn ọmọ ìyá náà ní ó ń dójú ti àwọn; ìyá náà ní kí wọ́n lọ tọ́jú ilé tiwọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí mo bá ti bo maṣíìnì mi tán, mo máa ń kọ orí kan, mo sì máa ń gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, mo mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ gbọ́ bí arúgbó méjì ṣe ń di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ kọjá àlà. Nígbà tí yóò fi pé ọdún márùn-ún, àwọn tó ń kà á ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan, láti ibí títí dé ìlú òyìnbó, opó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

4. Ọ̀nà tí a gbà ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí, torí òun ni akọ̀wé yín kò fẹ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé mi ni ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń kà á fún wọn. Wọn kò lè tẹ lẹ́tà lórí fóònù, nítorí náà, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tí wọn á fi ohùn náà ránṣẹ́ sí abẹ́ orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọn á jà, wọn á bú ẹni inú ìtàn, wọn á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé wọn. Alhaji Búrẹ́mọ̀ tó ń ta páànù sọ pé opó náà ti yára jù, ó yẹ kó jẹ́ kí ọkùnrin náà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Àwọn obìnrin bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

5. Màmá Bernadette ni olórí gbogbo wọn. Ìyá tó bí i wà lára àwọn tó ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè nígbà tí ìlú ṣí wá sí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an, kí àwa ọmọ ìsinsìnyí tó lọ pò ó mọ́ Yorùbá orí rédíò. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹnu opó inú ìtàn mi tí kò jọ ti Ìdànrè, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni Màmá á ti bú mi. Á ní ta ló kọ́ mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí etí mi lè gbà á. Ìdajì ohun tó dùn nínú ìtàn yẹn, Màmá ló ni ín. Mo sì kọ bẹ́ẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí mo wá fi ìtàn náà tẹ̀ lẹ́yìn náà.

6. Màmá yìí kan náà ló ní kí n tẹ ìtàn náà níwèé. Ó ní fóònù ń bàjẹ́, dátà ń tán, àwọn ọ̀rẹ́ òun kan kò sì ní fóònù rárá. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n gbé e lọ sí ilé ìkàwé Ẹsẹ̀-Òkè, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé kà á. Mo ṣèlérí fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, mo kọ́kọ́ wá wádìí lọ́dọ̀ yín bóyá a lè máa ka ìtàn náà fún àwọn àgbà tó ń wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, láti orí fóònù, kí ìwé tó jáde. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo fi Òfin Kẹrin hàn mí: ilé ìkàwé kì í gba ìtàn orí fóònù, torí kì í ṣe ìwé. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, lójú àlejò méjì, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní àtàǹpàkò lè kọ nǹkan sórí fóònù. Ó dùn mí dé egungun. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo sì lọ sílé.

7. Mo tẹ ìwé náà fúnra mi. Ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún yìí, oṣù méje lẹ́yìn tí Màmá ti kú. Mi ò ní ka owó rẹ̀ fún yín, torí kì í ṣe owó ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé inú mi dùn. Ìyá kan ní ìjọ wa tí kò mọ̀wé kà gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ mi, ó dì í mọ́ àyà, ó ní òun ò ní í dá a padà, ọmọ òun á wá láti Àkúrẹ́, á kà á fún òun. Fóònù kò lè fún mi ní irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bébà náà, ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ló lè gbé. Èébú Màmá Bernadette, ẹ̀rín àwọn opó, àríyànjiyàn Alhaji, gbogbo ìyẹn ṣì wà lórí ojú ewé mi nígbà náà, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́, ọmọ wọn sì ń lọ gbọ́ ọ nígbà tó bá wù wọ́n. Mo fi ìwé sílẹ̀ bí ìwé, mo fi ojú ewé sílẹ̀ bí ojú ewé. Èmi ò rí ìjà kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ọ́fíìsì yín ló dá ìjà sílẹ̀.

8. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, mo gbé ẹ̀dà méjìlá wá fún yín. Akọ̀wé yín ṣí i, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n bí ẹni ń ra iṣu. Ó wá béèrè bóyá ìtàn náà ṣì wà lórí fóònù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá tún gbé òfin jáde, Òfin Kẹsàn-án lọ́tẹ̀ yìí: ilé ìkàwé kò gbọdọ̀ gba ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rí kà lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn. Gbà mí o! Ilé ìkàwé tí òun fúnra rẹ̀ ń fúnni ní ìwé kà lọ́fẹ̀ẹ́! Mo béèrè ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó ní kí n pa ojú ewé náà rẹ́, kí n sì wá pa á rẹ́ lójú òun, torí àwọn kan ti fi irọ́ tan òun jẹ rí.

9. Mo rò ó fún oṣù kan. Ìlérí tí mo ṣe fún òkú ló borí. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, mo dé ọ́fíìsì yín ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo ní kí n ṣí ojú ewé mi lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà, ìtàn, ọ̀rọ̀ òǹkàwé, àti gbogbo ohùn, ó ní kí ẹ̀rí lè wà nínú fáìlì pé ohun tí a ní kí n pa rẹ́ gan-an ni mo pa rẹ́. Wákàtí méjì ló gbà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo ògiri. Nígbà tó parí, ó ní ó yá. Mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń pa á rẹ́. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo sì fọwọ́ sí i.

10. Àṣìṣe tèmi wà nínú rẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Mo rò pé ìtàn mi nìkan ni yóò lọ. Mo rò pé ohùn oníkálukú yóò padà sínú fóònù ẹni tó sọ ọ́, bí ìgbà tí oníbàárà bá gba aṣọ rẹ̀ tí a kò tíì rán padà. Òye mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n akọ̀wé yín mọ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló rí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sọ fún mi. Ènìyàn tó lè ka òfin mọ́kànlá láìwo ìwé, kò lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi kí n tó tẹ nǹkan yẹn!

11. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ dé, kò sí ìtàn, kò sí ojú ewé, kò sí orúkọ mi níbi kankan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí àgbàlagbà máa ń rò bí ẹnì kan bá dákẹ́ lójijì. Wọ́n ní mo ti kú. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Alhaji Búrẹ́mọ̀ gun ọ̀kadà wá sí Aládé pẹ̀lú bàbá méjì mìíràn láti wá kí àwọn ará ilé mi kú ìṣẹ̀lẹ̀. Wọ́n bá mi lẹ́nu maṣíìnì, mo ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹnì kan. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́ bóyá èmi ni. Kí wọ́n tó lọ, àwọn ìyá ìjọ wa náà dé nínú aṣọ funfun pẹ̀lú orin òkú lẹ́nu. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, n kò ní í purọ́. Ẹ̀rín náà parí nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ wọlé.

12. Fẹ́yìsayọ̀ kò wá kí mi kú ìṣẹ̀lẹ̀. Ó na fóònù sí mi, ó ní Màmá Hannah, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ gbé màmá mi sí? Fóònù tí Màmá Bernadette fi ń bá wa sọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó sin ín. Ojú ewé mi nìkan ló kù tí ọmọ náà ti ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń ṣí i.  

13. Ẹni tó bá pa ojú ewé bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà. Fẹ́yìsayọ̀ ló sọ fún mi. Mo sáré lọ bá akọ̀wé yín ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ. Ó ní bí mo bá dá ojú ewé náà padà, wọn kò ní gba ìwé mi mọ́ nìyẹn. Ó ní kí n ní sùúrù, lẹ́tà ìgbìmọ̀ ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó fi ọwọ́ lu orí kọ̀ǹpútà náà pẹ́pẹ́, ó ní kí ni mo ń bẹ̀rù, ṣebí gbogbo rẹ̀ ló wà níbí, kò lè sọnù. Mo gbà á gbọ́. Mo tún padà lọ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án. Ó ní lẹ́tà wà lójú ọ̀nà.

14. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn tí mo ti pa ojú ewé mi rẹ́. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ. Ẹ̀yin Ọ̀gá, láti ọ́fíìsì yín dé Aládé, ọ̀kadà kì í pẹ́ débẹ̀. Níbo ni lẹ́tà náà ì bá wà bí kò ṣe nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé yín ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án tí mo dúró níwájú rẹ̀, tó wo ojú mi, tó ní ó wà lójú ọ̀nà! Ọ̀nà wo? Láti inú dúrọ́ọ̀ dé orí tábìlì? Tó bá jẹ́ pé ó nà án sí mi lọ́jọ́ náà ni, mo ṣì ní ọjọ́ mẹ́fà tí mo lè fi dá ojú ewé náà padà, gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ì bá sì ti tán.

15. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà sì nìyí: ẹ kò gba ìwé mi. Òfin Kọkànlá ní ilé ìkàwé kò lè gba ìwé gẹ́gẹ́ bí ìwé tuntun bí gbogbo ayé bá ti kà á kó tó jáde. Mo ka lẹ́tà yẹn lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Nígbà tí ìtàn mi wà lórí fóònù, ẹ ní kì í ṣe ìwé. Nígbà tí mo sọ ọ́ di ìwé, ẹ ní ó wà lórí fóònù. Nígbà tí mo yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, ẹ ní ó ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ dákun, kí ni ẹ fẹ́ kí ènìyàn ṣe? Bí ẹ bá ti mọ̀ pé Òfin Kọkànlá wà, kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n tẹ̀lé Òfin Kẹsàn-án? Ẹnì kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì fi ohùn òkú ṣe é.

16. Wọ́n tún fi gègé kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, pé ìgbìmọ̀ kò rí ẹni tí yóò wá ka ìtàn àwọn arúgbó tó ń fẹ́ra wọn. Mi ò mọ ọwọ́ ta nìyẹn. Kí ẹni náà wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, kó wá wo àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú láti ogún ọdún, tí ọmọ wọn kì í bá wọn sọ ju ọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ lọ, kó wá wo bí ojú wọn ṣe ń rí nígbà tí a bá dé ibi tí bàbá oníwọ̀n kòkó ti wá kan ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lè má pọ̀ lójú yín. Wọ́n tó mi.

17. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti dé, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni èmi àti Fẹ́yìsayọ̀ ti wá sí ọ́fíìsì yín. A kò sọ̀rọ̀ ìwé mọ́. A gbé fílááṣì kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà dání, a ní kí wọ́n bá wa da ohùn Màmá sínú rẹ̀, a ó sì lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí iná. Lọ́jọ́ kejì, iná wà, akọ̀wé kò sí. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní ohun tó bá ti wọ inú fáìlì ti di ohun ìní ọ́fíìsì, ìgbìmọ̀ nìkan ló lè yọ ọ́, ìgbìmọ̀ kò sì ní í jókòó mọ́ títí di oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀. Ọmọ ogójì ọdún kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì yín, akọ̀wé yín sì ń yẹ ìwé wò.

18. Ìgbà kẹrin ló sọ ohun tó mú kí n dìde láìdágbére. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá ká wa lára tó bẹ́ẹ̀, òun lè ní kí ẹni tó ń bá òun tẹ̀wé gbọ́ ohùn náà, kó tẹ gbogbo ohun tí Màmá sọ sórí bébà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí Fẹ́yìsayọ̀ sì wá fọwọ́ sí i kó gbé e lọ. Ó ní bébà ló máa ń pẹ́. Òǹtẹ̀! Wọ́n fẹ́ lu òǹtẹ̀ sí ohùn ìyá ènìyàn!  Mo fẹ́ràn bébà, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Mo fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ títí tèmi fi di bébà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó ti ohùn náà níbẹ̀, kí ó máa fi bébà lọ ọmọ, ìwà wo nìyẹn? Nígbà karùn-ún, ó rán ẹ̀ṣọ́ jáde sí wa pé òun ń ṣe ìpàdé.

19. Nítorí náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí alága kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹ pàṣẹ, kí ẹ má dúró de ìjókòó oṣù Kìíní, pé kí wọ́n da ohùn mọ́kànlélógójì náà sínú fílááṣì fún Fẹ́yìsayọ̀ kí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí tó kọjá. Kí ẹ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà yẹn rẹ́ títí a ó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ pé ó pé, torí ohùn àwọn àgbà mìíràn tó ti kú tún wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ wọn kò sì tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, lójú mi, ohun tí lẹ́tà ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹjọ ń ṣe nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

20. Ní ti ìwé mi, mo fà á yọ. Ẹ kò ní láti wá òfin mìíràn mọ́. Ẹ̀dà méjìlá tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ fún àwọn ìyá tó ń wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, kí wọ́n gbé e lọ sílé wọn. Bí ẹ kò bá sì fẹ́, èmi á wá kó wọn. Mo ti ṣí ojú ewé mìíràn, mo ti ń gbé ìtàn náà padà síbẹ̀ láti orí kìíní, àwọn òǹkàwé mi sì ti ń padà bọ̀. Ohun tí mo lè tún kọ, mo ti ń tún un kọ. Ohun tí n kò lè tún kọ ló wà lọ́dọ̀ yín.

21. Mo ti fẹ́ fi lẹ́tà yìí mọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Fẹ́yìsayọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó sì ní kí n kọ nǹkan kan kún un, tí òun kò tíì sọ fún akọ̀wé yín torí ojú ń ti òun. Ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tí Màmá sọ nípa ìtàn mi ni òun ń wá. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ohùn yẹn, níbi tí Màmá ti ń bú mi lọ́wọ́, ó dá ọ̀rọ̀ dúró lójijì, ó yí ojú kúrò nídìí fóònù, ó sì kígbe sí ilé ìdáná pé, “Fẹ́yìsayọ̀! Fẹ́yìsayọ̀ mi, rọ iná yẹn sílẹ̀, ìrẹsì ń jóná.” Lẹ́yìn náà ló padà sórí ọ̀rọ̀ tèmi. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni òun máa ń gbọ́ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé yìí tí ìyá rẹ̀ ti ń pè é lórúkọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí. Fílááṣì náà wà nínú àpòòwé yìí.

Èmi tí inú ń bí, tí mo sì tún ń bẹ̀ yín ni,

Hannah Olútìmẹ́hìn (Arábìnrin),
Aránṣọ àti Òǹkọ̀wé,
Aládé-Ìdànrè.